Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Wolé-Wolé ní Yábàá

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi jà: èmi gan-an wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń tọ̀ sí ìgboro. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Yábàá, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ń ṣe fótòkọ́pì fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni gbogbo ọkùnrin àdúgbò sọ di ilé ìtọ̀. Mo kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Wọ́n tọ̀ sí i lára. Mo ya àdá sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tọ̀ sára àdá náà. Mo bú wọn títí, ẹnu ń ro mí. Lọ́jọ́ kan mo da omi ọṣẹ lé ọ̀kan lórí, ó kàn nu ojú ni, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ó ti gbọ̀n mí jù ni." Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mò ń fi omi oògùn fọ ibẹ̀ láràárọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn agbófinró ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ wọn káàkiri Yábàá, mo ní ẹ ṣeun, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo tún ra omi tútù fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá mú.

Bàbá mi ni wọ́n mú.

Wolé-wolé ni bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, aṣọ kákí lọ́rùn rẹ̀, tó ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn láti yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí ti wà nínú rẹ̀, tó sì ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Ẹni tọ́ràn bá ṣí mọ́ lórí, ó di kóòtù. Bí ẹnì kan bá ti ké pé "Wolé-wolé ń bọ̀ o!", àwọn ìyàwó ilé á máa da omi nù, wọn á máa wá ìgbálẹ̀, ọ̀rọ̀ á di bó ò lọ o yà fún mi. Èmi ọmọ rẹ̀ jìyà iṣẹ́ yẹn nílé ìwé. Wọn á ní, "Ọmọ wolé-wolé, wá yẹ ìkòkò ìyá wa wò."

Ṣùgbọ́n ó ní bí bàbá mi ṣe ń ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan wá pé ó yàgbẹ́ sẹ́yìn ilé, kì í bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Á ní, "Ṣáláńgá yín dà? Mú mi lọ síbẹ̀ kí n rí i." Bí ilé náà ò bá ní ṣáláńgá, onílé ló máa pè lẹ́jọ́. Onílé á gbẹ́ ṣáláńgá, bàbá mi á padà wá wò ó, á rí i pé ó ní ìlẹ̀kùn, ó ní ìdérí, ìgbà yẹn ni yóò tó wá kéde pé ẹni tó bá tún ṣe é síta máa rí òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù, pé àwọn ti kó èèyàn bí eku lọ sí kóòtù kó tó mú ẹyọ kan. Á ní, "Ìgbà tẹ́ ẹ ò fi ibì kankan hàn án, níbo ni kó gbé e sí? Sápò?"

Ìgbà tó dàgbà tán ni àìsàn àwọn bàbá àgbà mú un, èyí tó máa ń dí ọ̀nà ìtọ̀. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n ṣáá. Bó bá dé ibẹ̀, ẹ̀kán díẹ̀ ló máa jáde, kò sì ní í tíì pẹ́ tó jókòó tí yóò tún dìde. Mo ní kó wá sọ́dọ̀ mi ní Sùúrùlérè, mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọlúàbí èèyàn, ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀, wọ́n sì fún wa lọ́jọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mikàn rárá. Nǹkan yìí ò lè pa yín, bí ẹ bá ṣáà ti jẹ́ ká ṣe é." Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á ṣe é kí òun lè tún sun oorun àsùnmọ́jú. Kò sí ohun mìíràn tá à ń retí nígbà náà ju ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn lọ.

Kò fẹ́ràn kó máa dá jókòó nílé, ló bá ń tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Á gbé àga síta, á máa dá àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lóhùn ìkíni, á sì máa wo gọ́tà tó wà níwájú wa bí ẹni wo ọ̀tá. "Ẹ wo tanwíjí," á wí. "Ẹ wò ó bó ṣe sanra." Èmi á ní, "Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì o." Á ní, "Ojú kì í fẹ̀yìn tì." A máa ń rẹ́rìn-ín gan-an lásìkò yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù mi ò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ní in ní ìlà tiwa. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ọjà ni gbogbo wa jọ ń lò, ọkùnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun àti bàbá mi ti di ọ̀rẹ́, torí kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ tó bàbá mi. Á ti máa ṣílẹ̀kùn fún un kó tó dé ibẹ̀, á ní, "Ẹ wọlé, Bàbá wa, ilé yín ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àkókò ìrun Aláásárì tó. Ọkùnrin náà ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì pa, ó lọ kírun. Bàbá mi náà fẹ́ múra ìrun kan náà, ó bu omi sínú ike, ó lọ sẹ́yìn ọjà, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta bískíìtì nítòsí ibẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí ọmọdé. Ó kan ìlẹ̀kùn. Ó tún dúró. Nígbà tí kò gbà á mọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ, níbi tí koríko wà lẹ́bàá ògiri kan, kò sì sẹ́ni tó kọ nǹkankan sára ògiri yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bàbá mi kì í nàró tọ̀. Lílóṣòó ló máa ń lóṣòó, kí ìtọ̀ má bàa ta sára aṣọ tó fẹ́ fi kírun, bó bá sì ṣe tán, á fi omi fọ ara rẹ̀. Bí bàbá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó sì ṣe kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ìwà ẹranko ni kéèyàn nàró kó máa tọ̀. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó rí ọkùnrin tó lóṣòó sínú koríko tó gbé ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ló máa rò?

"Ẹ wo bàbá àgbà tó ń yàgbẹ́ sí ìgboro o! Ẹ wò ó o!"

Ọ̀kan nínú àwọn agbófinró ló pariwo bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ariwo náà láti ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé olè ni wọ́n mú. Ìgbà tí obìnrin oníbískíìtì sáré wá pè mí ni mo tó fò dìde. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, méjì nínú wọn ti di bàbá mi mú lápá lọ́tùn-ún lósì, kò rọ́wọ́ so okùn ṣòkòtò rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń há a mọ́ra kó má bàa já bọ́. Àwọn èèyàn ti yọ fóònù. Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ ló ń fi fóònù ya bàbá mi ní fídíò, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá mi ń sọ. Ohùn iṣẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ohùn tí mo ti gbàgbé pé ó ní. Ó ní, "Ṣáláńgá yín dà? Ẹ mú mi lọ síbẹ̀ kí n rí i."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ní ṣáláńgá! Bàbá, Èkó nìyí o, kì í ṣe oko yín."

Ó ní, "Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní, wọ́n tì í. Mo tọ̀. Ẹ ò rí mi purọ́ pé mi ò tọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yàgbẹ́. Ẹ wolẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wolẹ̀. Èmi ni mo wò ó. Koríko tó tutù lásán ni. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mò ń bú mọ́. Mo ní, "Ṣé ojú yín fọ́ ni? Ẹ fi ìgbẹ́ náà hàn mí! Níbo ló wà? Ṣé ilẹ̀ gbé e mì ni?" Mo bú ìyá wọn, mo bú ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, mo ní omi tútù tí mo rà fún wọn lọ́jọ́sí, Ọlọ́run á bi wọ́n. Ọ̀gá wọn ní, "Màdáámù, ẹ lọ ṣàlàyé fún adájọ́." Wọ́n gbé bàbá mi sọ sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìta, fìlà rẹ̀ ti ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé wọn.

Kóòtù alágbèéká ni, lábẹ́ kánópì kan lẹ́bàá títì: tábìlì, àga oníke, bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tí wọ́n mú, ó parí. Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni ilé ìtọ̀, torí mo mọ bàbá mi. Mo bi ọlọ́pàá tó dúró síbẹ̀ pé níbo lèèyàn ti lè tọ̀ níbí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ní, "Màdáámù, ẹ ní kí wọ́n fara dà á." Ẹ gbà mí o! Ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ ẹni tó tọ̀ síta, kò síbi téèyàn lè tọ̀ sí.

Ẹjọ́ ń yára lọ. Wọ́n á ka ẹ̀sùn, ẹni náà á ní òun jẹ̀bi, wọ́n á sọ ìyà tó tọ́ sí i, ó tán. Nígbà tó kan bàbá mi, wọ́n ka tirẹ̀ sókè pé ó yàgbẹ́ ní gbangba. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wẹ̀yìn wò ó. Obìnrin ni adájọ́ náà, kò jù mí lọ, kò sì fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Olúwa mi, mo tọ̀. Mo jẹ̀bi títọ̀. Ohun tí wọ́n kà yẹn, mi ò ṣe é. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbógun ti irú ẹ̀ ni mí."

Akọ̀wé kóòtù dá sí i. Ó ní bí bàbá bá ní òun ò jẹ̀bi ohun tí wọ́n kà, kó lọ jókòó, àwọn á gbọ́ tẹnu àwọn tó mú un nígbà tí àwọn bá ṣe ti gbogbo àwọn yòókù tán. Bàbá mi yíjú wo ìlà àwọn yòókù. Ìlà náà gùn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti há orúnkún méjèèjì mọ́ra, ó ń gbọ̀n. Ìtọ̀ ti tún dé nìyẹn.

Ó ní, "Mo jẹ̀bi."

Mo ké pé, "Bàbá!"

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Mo ní mo jẹ̀bi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà pátá. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Bàbá ti jẹ́wọ́ pé òun ló ṣu ú!" Bí wọ́n bá fún mi lọ́bẹ nígbà yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ǹ bá fi ṣe. Bàbá mi, tí kò jẹ́ kí adìyẹ ṣu sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní kóòtù pé ó ṣu sí ìgboro Yábàá, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nítorí ìtọ̀.

Adájọ́ ní nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, kó gbá iwájú kóòtù nìkan kó máa lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá wọn gbá a. Ó gbà. Mo gba ìgbálẹ̀, mo ká ìró mi mọ́dìí, mo ń gbálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ní kí bàbá mi dúró dè mí kí àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti dìde, bẹ́ǹṣì náà ti tutù, ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ ti ṣú. Ó ti ṣí fìlà kúrò lórí, ó fi bo iwájú ara rẹ̀. Mi ò rí orí bàbá mi lásán níta rí láyé mi. Mo tú ìborùn mi, mo so ó mọ́ ọn nídìí, mo dì í lọ́wọ́ mú, a rìn lọ wọ kẹ̀kẹ́. Mo rò pé bí mi ò bá sọ nǹkankan, á dà bíi pé mi ò rí nǹkankan.

Nígbà tá a délé, ìdí ẹ̀rọ omi tó wà ní àgbàlá ló gbà lọ tààrà. Ó ń fọ ṣòkòtò rẹ̀ lójú gbogbo ayálégbé. Mo ní, "Bàbá, ẹ kó o fún mi." Ó ní, "Fi í sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di ẹrù rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ó mà ti kù sí dẹ̀dẹ̀!" Ó ní, "Ọmọ mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Mo ní ẹ̀sín wo, pé ta ló mọ̀ ọ́n ní Èkó. Ó ní, "Èmi mọ ara mi." Mo sin ín dé gáréèjì. Ọkùnrin tó ń tọ́jú tọ́ílẹ́ẹ̀tì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún pé òun ì bá mọ̀, òun ì bá dúró kí òun tó lọ kírun. Mo ní kó dìde. Ẹni tó lọ kírun, kí lèèyàn fẹ́ bá a wí?

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọjá. A bẹ̀ ẹ́ títí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́, lèmọ́ọ̀mù bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Àìsàn ń le sí i. Nígbà tó yá, màmá mi pè mí lórí fóònù, ayọ̀ hàn nínú ohùn wọn. Wọ́n ní, "Bàbá yín ti gbà. Wọ́n ní kó o lọ bá wọn gba ọjọ́ mìíràn. Wọ́n tiẹ̀ tún ń gbààwẹ̀ sí i." Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbá àwọn oníbàárà mọ́ra. Mo sáré lọ gba ọjọ́. Dókítà náà ní ó ṣì bọ́ sí i, kí wọ́n ṣáà máa bọ̀.

Mo lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, ó ti bó, awọ ara rẹ̀ gbẹ. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Ó di apá mi mú, ó ní, "Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibí, mi ò ní kí wọ́n dá mọ́tò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo kí i kú iṣẹ́, mo ní, "Bàbá mi, akọni!" Mo na omi sí i. Ó mi orí, ó ní ó di ilé, pé a ṣì máa gba Yábàá kọjá.

A ò tíì jókòó nílé tó fi ṣubú. Ní ọsibítù, dókítà fi ọwọ́ fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, awọ náà ò padà sáyè rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo ni Bàbá mumi kẹ́yìn?" Mi ò mọ̀. Mo pe màmá mi. Ẹkún gbà wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn, kì í ṣe ààwẹ̀, pé láti ìgbà tí mo ti ní mo rí ọjọ́ gbà ni kò ti mumi dáadáa mọ́, àfi kó fi tọ́ ẹnu wò, pé nígbà tí ìrìn àjò wá kù díẹ̀, kò mu ún mọ́ rárá.

Kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́ iṣẹ́. Wọn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún un mọ́. Ọsibítù yẹn ló kú sí, ní Èkó, kí ọjọ́ tí wọ́n fún wa tó pé.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ṣì wà ní Yábàá. Wọ́n ṣì ń mú àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tiwa ò tíì ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Nígbà tá a sin ín tán, mo bi màmá mi pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ fún mi. Wọ́n ní, "Bàbá yín ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ìwọ lo rí àwọn lọ́jọ́ kóòtù náà, pé o ò ní í rí àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé."

Mo rí i lóòótọ́. Mo rí bẹ́ǹṣì tó tutù, mo rí ṣòkòtò, mo rí orí rẹ̀ láìsí fìlà, kò sì dín bàbá mi kù lójú mi, bí orí abẹ́rẹ́ báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún un.